Ìbéèrè tí Wọ́n Gbé Wá Sẹ́nu Ọ̀nà Mi

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan kan ilẹ̀kùn mi, ó ní ìjọba ìbílẹ̀ ló rán òun láti ṣe ìwádìí, ó sì bi mí pé bí mo bá ní láti fún wọn ní máàkì láti orí oókan dé márùn-ún, mélòó ni mo fọkàn tán wọn dé? Inú bí mi débi pé n kò lè dá a lóhùn. Ọmọ náà kò ṣẹ̀ mí, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́.

Ọdún kejì rèé tí gọ́tà iwájú ilé wa ti dí, tí omi òjò sì ń wọlé bá wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí ọ́fíìsì wọn. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n fún mi ní nọ́ńbà, wọ́n ní kí n máa retí wọn. Nígbà kejì, wọn kò rí nọ́ńbà náà nínú ìwé wọn mọ́. Nígbà kẹta ni obìnrin kan tó jókòó ní kọ̀rọ̀ wò mí lójú, tó sì ní, "Ẹ má bínú, mà. Kò sí owó iṣẹ́ yẹn nínú ètò ìnáwó ọdún yìí. Ẹ má tún da ara yín láàmú." Gọ́tà náà ṣì dí, ṣùgbọ́n òun nìkan ni mo gbà gbọ́ nínú gbogbo wọn.

Àwọn kan yóò ní àwa ará ìlú ni kò ní sùúrù. Kí wọ́n wo ìlú Flint ní ìpínlẹ̀ Michigan, Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, lábẹ́ alábòójútó tí gómìnà yàn lé wọn lórí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi odò Flint sínú ẹ̀rọ láti dín ìnáwó kù, láìfi èròjà tí kì í jẹ́ kí omi jẹ páìpù sí i, òjé (lead) inú páìpù, tó jẹ́ májèlé, sì ń yọ́ sínú omi tí àwọn ọmọdé ń mu. Àwọn ará ìlú ń gbé omi tó ti pàwọ̀ dà lọ sí ìpàdé, àwọn aláṣẹ sì ń sọ pé kò séwu. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ilé-iṣẹ́ General Motors tó ń ṣe ọkọ̀ kọ omi náà nítorí pé ó ń ba irin ẹ́ńjìnnì jẹ́, síbẹ̀ ọdún kan gbáko tún kọjá kí wọ́n tó dá omi ti tẹ́lẹ̀ padà fún àwọn ènìyàn. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ wá kéde ní 2018 pé òjé inú omi náà kò kọjá ìwọ̀n òfin mọ́, ọ̀pọ̀ wọn kò tún fẹnu kàn án. Omi ti dára, ẹnu tó ń sọ ọ́ ni wọn kò gbà gbọ́ mọ́.

Ọmọkùnrin náà fi fọ́ọ̀mù rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun yóò padà wá gbà á. Bí mo bá kọ oókan, mo ti ka obìnrin yẹn mọ́ àwọn tó sọ nọ́ńbà mi nù. Bí mo bá kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn yóò rò pé nítorí tiwọn ni. N kò tíì kọ nǹkan kan sí i.