Ọyẹ́ nìkan kọ́: ẹ gbé abọ́ sórí òrùlé Kánò

Láti bí Oṣù Kọkànlá títí di Oṣù Kẹta, ẹnikẹ́ni tó bá ní ìbátan ní Sabon Gari ìlú Kánò mọ irú ọ̀rọ̀ tí yóò gbọ́ lórí fóònù. Wọ́n gbá ilé láàárọ̀, wọ́n tún un gbá lọ́sàn-án, síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, èèyàn ti lè fi ìka kọ orúkọ ara rẹ̀ sórí tábìlì. Imú gbẹ, ọ̀fun ń rin wọ́n, oòrùn ọ̀sán funfun bí òṣùpá. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ló fà á, wọn á ní ọyẹ́ ni. Nọ́ọ̀sì tó ń fún ọmọ ní oògùn ikọ́ á ní ọyẹ́ ni. Àwọn tó fagi lé ọkọ̀ òfurufú yín á ní ọyẹ́ ni. Aláṣẹ tí wọ́n bá bi léèrè ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ìlú rẹ̀ kò tilẹ̀ ní jẹ́ kí ẹ parí ìbéèrè.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ó ti pẹ́ tí a ti ń dá ọyẹ́ lẹ́bi láìpe ẹlẹ́rìí kankan. Ohun tí a ń béèrè lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: kí ìjọba àpapọ̀ gbé abọ́, ìyẹn ohun èlò tí ń gba eruku tó ń já bọ́ láti òkè, sí Kánò àti àwọn ìlú tó yí i ká, kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n láìdáwọ́ dúró lọ́dọọdún, kí iye rẹ̀ sì máa jáde fún gbogbo èèyàn rí.

A kò sọ pé ọwọ́ ọyẹ́ mọ́. Ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Chad, ilẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Bodélé. Ìsàlẹ̀ omi ni ibẹ̀ nígbà láéláé. Adágún Chad ìgbà náà tóbi débi pé tòní dà bí omi òjò inú kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Omi gbẹ, ó ku egungun àwọn ẹ̀dá tíntìntín tó gbé inú rẹ̀, ó funfun, ó sì fúyẹ́ bí ẹ̀fun tí wọ́n lọ̀ kúnná. Òkè Tibesti dúró lápá kan, òkè Ennedi dúró lápá kejì, afẹ́fẹ́ sì ń fipá gba àárín wọn kọjá, ó ń kó ẹ̀fun náà lọ. Àwọn onímọ̀ gbà pé bóyá ni ibòmíràn wà láyé tí eruku ti ń gbéra tó ibẹ̀. Ó lé ní 1,000 kìlómítà sí Kánò, àmọ́ láàárín ọjọ́ bíi mélòó kan, ó ti dé. Apá kan á balẹ̀ síbẹ̀. Apá kan á gba orí Ìlọrin àti Ìbàdàn lọ sórí òkun, títí dé igbó Amazon ní ilẹ̀ Bràsíìlì. Ní 2015, àwọn onímọ̀ tó lo sátẹ́láìtì NASA ṣírò rẹ̀ pé èròjà phosphorus, tí í ṣe oúnjẹ fún igi, tí eruku yìí ń gbé lọ fún igbó Amazon tó 22,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n mọ iye ajílẹ̀ tí ọyẹ́ ń gbé sọdá òkun lọ fún igi ará Bràsíìlì. Ta ni yóò sọ fún àgbẹ̀ Kura ní ìpínlẹ̀ Kánò, tàbí ti Ògbómọ̀ṣọ́, iye tó bọ́ sí oko tirẹ̀ lọ́dún tó kọjá?

Bẹ́ẹ̀ Kánò fúnra rẹ̀ kò kàn jókòó jẹ́jẹ́ kó máa retí afẹ́fẹ́. Àwọn iléeṣẹ́ wà ní Bompai, Sharada àti Challawa, pàápàá àwọn tó ń ṣe awọ ẹran. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní a daidaita sahu, tí àwa ń pè ní kẹ̀kẹ́ Márúwá, bo títì bí eéṣú. Jẹnẹrétọ̀ ń ké níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń dáná sun ààtàn lẹ́yìnkùlé, mọ́tò ń tu ilẹ̀ àdúgbò tí kò rí ọ̀dà rí. Gbogbo rẹ̀ ló ń gòkè, gbogbo rẹ̀ ló sì ń padà wá bọ́ sórí tábìlì kan náà. Ojú lásán kò lè ya èyí tó ti Bodélé wá sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ti ẹnu sálẹ́ńsà jáde, ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé kò sì bèèrè kó tó fà á sínú. Ẹni tí àìmọ̀ yìí ń gbè ni ẹni tó ń tú èéfín. Kò sí onílé-iṣẹ́ kan níbẹ̀ tí ọyẹ́ kò lè gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ ẹjọ́.

Ọ̀nà tí a fi lè yà wọ́n kò ṣókùnkùn. Láti àríwá-ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń wá. Nítorí náà, abọ́ kan á wà ní Nguru ní ìpínlẹ̀ Yobe, òmíràn ní Gumel ní Jigawa, láti gba eruku kó tó dé Kánò rárá. Inú ìlú á ní tirẹ̀: Bompai, Sharada, Sabon Gari, àti ìlú àtijọ́ tó wà nínú odi. Ìyókù á wà níbi tí afẹ́fẹ́ ń dorí kọ, lọ́nà Bebeji àti Funtua, títí dé Ìlọrin. Ohun tó bá kún abọ́ Nguru, aṣálẹ̀ ló ni ín. Ohun tí abọ́ Sharada bá ní tí ti Gumel kò ní, kí Kánò gbà pé tòun ni. Òótọ́ ni pé eruku máa ń dín kù bó ṣe ń rìn jìnnà, nítorí náà ìwọ̀n nìkan kò tó. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò láti wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Èéfín epo ní àmì tirẹ̀, awọ ẹran ní tirẹ̀, ẹ̀fun Bodélé ní tirẹ̀.

Abọ́ tí a ń wí yìí, alágbẹ̀dẹ ọjà Kurmi ní Kánò lè rọ ọ́. Àwo pẹrẹsẹ ni, tí wọ́n to bọ́ọ̀lù gíláàsì tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré sínú rẹ̀, kí eruku tó bá já sáàárín wọn má baà rí ọ̀nà fò jáde mọ́. Lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n á fi omi tó mọ́ ṣan àwọn bọ́ọ̀lù náà, wọ́n á jẹ́ kí omi gbẹ, wọ́n á gbé ohun tó kù sórí òṣùwọ̀n. Fún ìgbà òjò, garawa méjì ni pẹ̀lú ìdérí kan ṣoṣo: bí òjò bá ti kán, ìdérí á sún kúrò lórí ọ̀kan, á bo èkejì, bó bá dá, á padà. Garawa kan á gba ohun tí òjò fọ̀ wá sílẹ̀, èkejì á gba ohun tó bọ́ fúnra rẹ̀. Èyí nìkan ló fẹ́ iná mànàmáná díẹ̀.

Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ rí ní ìlú Phoenix ní ìpínlẹ̀ Arizona, Amẹ́ríkà, ìlú ńlá tó wà láàárín aṣálẹ̀ Sonora. Ní 1997 ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Arizona bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó National Science Foundation, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń náwó sí ìwádìí, ṣe àkíyèsí ọlọ́jọ́ pípẹ́ lórí ìlú náà àti aṣálẹ̀ tó yí i ká. Lára rẹ̀ ni pé wọ́n gbé garawa àti àwọn ohun èlò mìíràn sí inú ìlú àti ẹ̀yìn odi, láti mọ iye náítírójìn tí èéfín ń dà sórí ilẹ̀. Àbá tí kọ̀ǹpútà dá ni pé yóò pọ̀ gan-an, nítorí mọ́tò ibẹ̀ kò lóǹkà. Nígbà tí wọ́n wá wọ̀n ọ́n, ó kéré sí àbá. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ wa nínú ju bí ì bá ṣe dùn ká ní ó pọ̀ lọ. Bí kò bá sí garawa, wọn ì bá máa pe àbá ní òótọ́ títí di òní, kò sì sí ẹni tí ì bá já wọn nírọ́. Àwa tí a tilẹ̀ ń dá àbá láìsí kọ̀ǹpútà ńkọ́?

Bí ẹnikẹ́ni bá ní Amẹ́ríkà jìnnà, kí ó wo ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀. Àwọn ibùdó kan wà ní Áfíríkà tí wọ́n so pọ̀ lábẹ́ orúkọ INDAAF, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ wíwọ̀n ohun tí òfurufú ń dà sórí ilẹ̀. Ọ̀kan wà ní Banizoumbou nítòsí Niamey, ọ̀kan wà ní Djougou ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ọ̀kan wà ní Zoétélé ní Kamẹrúùnù. Niger wà lókè wa, Bẹ̀nẹ̀ wà ní ìwọ̀-oòrùn wa, Kamẹrúùnù wà ní ìlà-oòrùn. Àwa tí èèyàn wa pọ̀ ju ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ, tí a jókòó sáàárín wọn gbàgada, kò sí orúkọ wa níbẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnì kan sọ pé a kò ní ọpọlọ rẹ̀. Láti 1998 ni ẹ̀rọ kan ti wà ní Yunifásítì Ìlọrin, lára ìsokọ́ra AERONET tí NASA dá sílẹ̀, tó ń tẹjú mọ́ oòrùn kó lè mọ iye ìmọ́lẹ̀ tí eruku dí lọ́nà. Iṣẹ́ rẹ̀ níyì lágbàáyé. Ṣùgbọ́n òkè ni ẹ̀rọ náà ń wò. Ohun tó wà lójú sánmà ló lè sọ, kò lè sọ èyí tó bọ́ sínú àwo ẹ̀bà. Ti ilẹ̀ náà, wọ́n ti ṣe é rí: ní 1980, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Grant McTainsh kọ àbọ̀ ìwádìí nípa bí eruku ọyẹ́ ṣe ń bọ́ sílẹ̀ ní Òkè Ọya sínú ìwé àtìgbàdégbà Nature. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti lé ní ogójì ọdún. Ẹyọ ìwádìí kan kò lè máa bọ́ wa títí ayé.

Kí ló wá kan ará Ìbàdàn? Tòmátì àti tàtàṣé gbígbẹ tí wọ́n ń tà ní Bódìjà àti Mile 12, ẹ̀bá ọ̀nà ní agbègbè Kánò ni wọ́n ti sá púpọ̀ nínú rẹ̀, lórí ilẹ̀, láìbò. Ohun tó bá bọ́ lé e níbẹ̀, inú ọbẹ̀ wa ló ń parí sí. Bí ó bá jẹ́ erùpẹ̀ lásán, a ó fọ̀ ọ́. Bí ó bá jẹ́ òjé ńkọ́? Ní 2010, ní àwọn abúlé Zamfara bíi Dareta àti Yargalma, wọ́n ń lọ òkúta wúrà láàárín agbo ilé, eruku òjé inú rẹ̀ sì ń balẹ̀ sí ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Ó lé ní 400 ọmọ tó kú. Kì í ṣe ọyẹ́ ló gbé òjé náà wá, àmọ́ lójú ẹni tí kò wọ̀n ọ́n, eruku ni eruku. Ikú àwọn ọmọ ló kọ́kọ́ ta wá lólobó. Abọ́ ni ì bá ti ṣe iṣẹ́ yẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ lọ́rùnlọ́rùn, àrùn tí àwọn olóyìnbó ń pè ní meningitis. Àkókò ọyẹ́ àti ẹ̀rùn ló máa ń jà ní Òkè Ọya, àwọn onímọ̀ sì fura pé eruku àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló ń dá ọ̀fun lọ́gbẹ́ tí kòkòrò àrùn fi ń rí ọ̀nà wọlé. Ní 1996, ó mú èèyàn tó lé ní 100,000 ní Nàìjíríà, ó sì pa èyí tó lé ní 11,000. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ti dín in kù láti ìgbà náà, àmọ́ ẹni tó mọ ọ̀sẹ̀ tí eruku pọ̀ jù á mọ ibi tó yẹ kó kọ́kọ́ kó abẹ́rẹ́ lọ.

Wọ́n á ní owó dà, nígbà tí ilé ìwòsàn kò ní oògùn, tí àwọn agbébọn sì wà lójú ọ̀nà. Ti agbébọn yẹn kì í ṣe àwáwí, a sì mọ̀ pé àwọn ibì kan wà tí òṣìṣẹ́ kò ní lè dé lóṣooṣù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹsẹ̀ lè dé. NiMet, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́, ti ní ibùdó àti òṣìṣẹ́ ní Kánò, Nguru, Katsina, Maiduguri àti Ìlọrin. Gbígbé àwo sórí òrùlé wọn kò ní gbà wọ́n ju ọjọ́ kan lọ. Yunifásítì Bayero ní Kánò ní ibùdó ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ gbígbẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ti lè yẹ eruku náà wò. Ní ti owó, láti 1981 ni Ecological Fund, owó tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún ìṣòro àyíká, ti wà, ọ̀ràn aṣálẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Àwo àti bọ́ọ̀lù gíláàsì kò tó owó epo tí mọ́tò àwọn ọ̀gá ń jó lọ sí ìpàdé lórí aṣálẹ̀.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ju owó lọ ni dúrọ́ọ̀. Gbogbo wa la mọ dúrọ́ọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba, níbi tí àbọ̀ ìwádìí ń wọ̀ lọ tí kì í padà jáde. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n tán tí wọ́n tì í mọ́bẹ̀, onílé-iṣẹ́ Challawa á sùn, ìyá ọlọ́mọ Sabon Gari kò sì ní mọ ju bó ṣe mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Kí iye abọ́ kọ̀ọ̀kan máa jáde lóṣooṣù, lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti lórí rédíò, ní èdè Haúsá, ní Yorùbá, ní èdè tí ìyá náà gbọ́.

Kí ọyẹ́ tó ń bọ̀ tó dé, ó yẹ kí àwọn àwo náà ti wà lórí òrùlé. Ìwé ìròyìn yìí yóò pe iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní Àbújá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí oòrùn bá ti funfun bí òṣùpá, a ó sì bi wọ́n pé: gíráàmù mélòó ló bọ́ sórí Sharada, mélòó ló bọ́ sórí Nguru?