Ẹni tó ti bímọ rí náà, túùbù rẹ̀ lè dí

"Ṣé kì í ṣe ìwọ náà lo bí èyí tó ń sáré kiri yìí? Ọ̀nà rẹ ti là, fọkàn balẹ̀."

Ire ni àwọn tó ń sọ ọ́ ń fẹ́ fún èèyàn. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọdún méjì gbáko lẹ́yìn tí mo já àkọ́bí mi lẹ́nu ọmú. Oṣù ń lọ, oṣù ń bọ̀, mi ò ṣe àyẹ̀wò kankan, torí mo rò pé ara tó ti bí ọ̀kan kò lè gbàgbé bí wọ́n ṣe ń bí èkejì. Ìgbà tí mo wá ṣe ẹ̀kísíréè tí wọ́n ń pè ní HSG, èyí tó ń fi hàn bóyá túùbù là, ni mo tó mọ̀ pé túùbù mi ọ̀tún, ìyẹn ọ̀kan nínú ọ̀nà tóóró méjì tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ, ti dí.

Ọmọ kì í gba inú túùbù jáde. Ẹnu ilé ọmọ ló ń gbà, nítorí náà ìbímọ kò la túùbù kankan. Túùbù kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ntímítà 10 sí 12, ṣùgbọ́n níbi tó ti so mọ́ ilé ọmọ, ihò inú rẹ̀ kò ju bíi mìlímítà 1 lọ. Inú túùbù ni ẹyin ti ń pàdé àtọ̀, inú rẹ̀ náà ló sì ń gbà dé ilé ọmọ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Bó o bá lóyún lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ohun tíyẹn fi hàn ni pé túùbù kan, ó kéré tán, là lọ́dún náà. Kò sọ nǹkan kan nípa tòní.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ìbímọ gan-an lè wà lára ohun tó fà á. Àìsàn tó wọ ilé ọmọ lẹ́yìn ìbímọ tàbí lẹ́yìn tí oyún bà jẹ́ lè gòkè dé túùbù, kó sì fi àpá sílẹ̀. Iṣẹ́ abẹ nínú ikùn lè mú kí ẹran ara lẹ̀ mọ́ra. Àpẹ́ńdíìsì tó bẹ́ lè ṣe é. Chlamydia, àìsàn tí èèyàn ń kó nínú ìbálòpọ̀, ńkọ́? Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní in ni ara kì í ro rárá. Ẹ má sì jẹ́ kí nǹkan oṣù tó ń wá déédéé tàn yín: inú ilé ọmọ lẹ̀jẹ̀ yẹn ti ń wá, túùbù méjèèjì lè dí kó má yí padà.

Àwọn kan náà tó ní kí n fọkàn balẹ̀ ló tún sọ fún mi lẹ́yìn àyẹ̀wò pé ó ti parí, tàbí pé oṣù kan nínú méjì ni mo lè lóyún. Ìyẹn náà ò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ẹyin méjèèjì kì í gba iṣẹ́ fún ara wọn ní oṣù-oṣù. Túùbù tó là sì máa ń rìn nínú ikùn, ó lè gbé ẹyin tó já láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Kódà, iṣan ibi tí túùbù ti so mọ́ ilé ọmọ lè fún pọ̀ nígbà HSG, kó wá dà bí ẹni pé ó dí. Ẹ bi dókítà bóyá ó yẹ kí wọ́n tún un wò.

Èyí tó gba àmójútó jù ni túùbù tó dí lápá ìparí, níhà ilé ẹyin, tí omi kún inú rẹ̀. Omi náà lè ṣàn padà sínú ilé ọmọ, kó má sì jẹ́ kí oyún lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, kódà bí wọ́n bá ṣe IVF, ìyẹn kí wọ́n da ẹyin pọ̀ mọ́ àtọ̀ níta ara, kí wọ́n sì gbé e sínú ilé ọmọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gé e kúrò, tàbí kí wọ́n dí i níbi tó ti kan ilé ọmọ, kí IVF tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí àgbo tàbí epo ìfọwọ́ra tó ń yọ́ àpá inú túùbù. Bó o bá ti tó ọmọ ọdún 35, má wá oyún ju oṣù mẹ́fà lọ kó o tó rí dókítà. Bí o kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, ọdún kan tó. Kí ọkọ náà ṣe àyẹ̀wò àtọ̀ nígbà kan náà, bó tilẹ̀ ti bímọ rí.

Túùbù tó dí gan-an ló gbé Lesley Brown dé ìdí IVF ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Louise ọmọ rẹ̀, tí wọ́n bí ní ọdún 1978, ni ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n bí lọ́nà yẹn láyé. Ọ̀nà kan náà ló fi bí èkejì, Natalie, ní 1982.

Tí oyún bá sì dúró, ẹ tètè ṣe síkáànù, torí túùbù tó ní àpá lè dá oyún dúró sínú ara rẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ ikùn kan bá ń ro yín, tí ẹ̀jẹ̀ ń wá, tí èjìká ń dùn yín tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni, ẹ má dúró dọ̀la. Ọ̀sẹ̀ kẹfà oyún ni mo ṣe síkáànù tèmi. Inú ilé ọmọ ló wà.