Ọkọ̀ Olympias kì í ṣe eré ọmọdé

Akọ̀ròyìn kan kọ ọ́ pé eré ọmọdé ni àwọn tó ń ṣe àfarawé ìgbé ayé Gíríìsì àtijọ́ lóde òní ń ṣe, èmi kò sì gbà. Ẹ wo Olympias, tí wọ́n kàn ní Gíríìsì láti 1985 sí 1987 ní àwòṣe ọkọ̀ ogun àwọn ará Áténì ìgbàanì: 170 atukọ̀ ló ń tù ú, wọ́n jókòó ní ìpele mẹ́ta, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì yọ̀ǹda ara wọn ni. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lórí bí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ṣe lè ṣeé ṣe, àfi ìgbà tí àwọn wọ̀nyí di àjẹ̀ mú lójú òkun gan-an, tí òógùn bò wọ́n, ni gbogbo ayé tó rí i pé ọkọ̀ náà ń sáré.