Niagara kọ́ ló ga jù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ gbé àwòrán Arinta, omi tó ń já láti orí àpáta ní Ìpólé-Ìlórò wa ní Èkìtì, jáde. Àmọ́ ẹ kọ ọ́ pé Niagara ló ga jù nínú gbogbo omi tó ń já láti orí àpáta láyé. Rárá o. Omi Niagara ló pọ̀; gíga rẹ̀ kò ju bíi mítà 51 lọ. Angel ní Fẹnẹsúẹ́là ló ga jù, mítà 979! Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, púpọ̀ nínú omi rẹ̀ ti di ìkùukùu kó tó kanlẹ̀. Orúkọ Jimmie Angel, awakọ̀ òfuurufú ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi pè é. Ní 1937 ó gbé bàálù bà sórí òkè náà, ẹrẹ̀ mú táyà, ẹsẹ̀ ni òun àti àwọn tó bá a wọ bàálù fi rìn sọ̀ kalẹ̀.

Omi àpáta Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà tí ẹ tún kà mọ́ ti Èkìtì ńkọ́? Ọ̀ṣun ló wà, ẹ má dá ìjà sílẹ̀ fún wa.