Ẹ má fi eré gbọ́ ohùn ìyá yín

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan nínú àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ gba voice note, ìyẹn ohùn tí èèyàn gbà sílẹ̀ tó sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ó pòṣé, ó tẹ̀ ẹ́ sí ìlọ́po méjì, ohùn màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Ó gbọ́ díẹ̀, ó pa á. Ó ní, “Àwọn àgbà yìí, kí ló dé tí wọn ò lè kọ ọ̀rọ̀ wọn ní ṣókí?” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dọ́kàn. Mi ò fèsì níbẹ̀ nítorí ẹ̀gbọ́n mi ni lọ́jọ́ orí. Ibí ni mo ti fẹ́ fèsì.

Màámi ò lọ ilé ìwé. Òfì ni wọ́n ń tà ní Ìsẹ́yìn. Wọ́n mọ iye tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan jẹ wọ́n, ọjọ́ tó yá a àti ẹ̀bẹ̀ tó bẹ̀, láìní ìwé kankan lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé fóònù tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí fún wọn, ojú wọn á yí padà. Ọ̀dọ̀ ọmọ ará ilé wa ni wọ́n á gbé e lọ. Ọmọ yẹn ló ń ka iṣẹ́ tí mo bá fi ránṣẹ́, òun náà ló ń tẹ èsì. Ó ṣe é fún wa fún ọdún púpọ̀, Ọlọ́run á san án fún un. Síbẹ̀, ẹ ro ó wò: gbogbo ohun tí ìyá mi ní láti bá mi sọ, etí ọmọdé kan ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà kọjá.

Ẹ̀ẹ̀kan wà tó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ pé “Baba n ko ile”. Kò sí àmì lórí ẹ̀. Ṣé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń kọ́ ilé ni, àbí wọ́n ń kó ilé, àbí wọ́n ń kọ ilẹ̀ lóko? Nígbà yẹn, ìjà ogún wà nínú ẹbí wa, nítorí náà ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣeé ṣe. Mi ò sùn dáadáa títí mo fi pè. Wọ́n ń kọ ilẹ̀ iṣu ni.

Ẹlòmíràn á ní, ṣebí ẹ lè pe ara yín lórí fóònù. A ń pè. Ṣùgbọ́n àwọn tó jẹ́ ọjọ́ orí màámi ò tíì gbàgbé bí GSM ṣe wọlé sí wa ní 2001. Náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan, bí ẹ bá sì fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta wọnú ìṣẹ́jú kejì, wọ́n ti gba 50 mìíràn. Ọdún 2003 ni Glo dé, tó ń fi ìṣẹ́jú àáyá ka owó, kí ara tó tu èèyàn. Títí di òní, bí màámi bá pè mí, ṣe ni wọ́n ń kánjú. “Ṣé àlàáfíà ni? Ọmọ ńkọ́? Ó dàárọ̀, owó ń lọ!” Wọ́n á ti pa á. Ohun tó wà lọ́kàn wọn gan-an kì í jáde.

Oṣù kẹjọ ọdún 2013 ni WhatsApp gbé voice note jáde, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní tèmi o, nínú gbogbo ohun tí fóònù gbé wọ ilé wa, mi ò rí èyí tó tó o. Nígbà ayé àwọn baba ńlá wa, àrokò ni wọ́n ń pa. Owó ẹyọ mẹ́fà tí wọ́n so pọ̀ ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọ. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n tú ló lè gbà á. Lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé, a sì ń wá akọ̀wé kiri. Àwọn tó ní ẹbí ní ìlú òyìnbó á rántí kásẹ́ẹ̀tì dáadáa: ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù á gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, á fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé, gbogbo agbo ilé á pé jọ sídìí téèpù, ìyá àgbà á máa dáhùn bíi pé ọmọ náà wà nínú rẹ̀. Voice note ni ọmọ kásẹ́ẹ̀tì yẹn, ó kàn jẹ́ pé kì í dúró de ẹni tó ń bọ̀ wálé.

Ní 2019, ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí, ọ̀kan wọlé látọ̀dọ̀ màámi. Wọ́n kí mi tán, wọ́n fi oríkì mi pè mí, “Àjọkẹ́”, wọ́n sì dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn gùn. Mo ń gbọ́ àkùkọ tó ń kọ níta. Wọ́n wá ní, “Nǹkan kan wà ní ọmú mi. Ó ti pẹ́ díẹ̀. Mi ò lè sọ fún ọmọ yẹn kó bá mi kọ ọ́.”

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ náà. Wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, ara wọn sì ti dá lónìí, a dúpẹ́. Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn ò fi pè mí, wọ́n ní bí àwọn bá gbọ́ ohùn mi tí mo bá kígbe, àwọn ò ní lè sọ ọ́ tán. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú voice note, kò sẹ́ni tó máa já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀.

Àtìgbà náà ni mi ò ti lè fara mọ́ bọ́tìnì tó ń mú ohùn sáré, tí wọ́n fi kún un ní 2021. Bí mo bá fi eré gbọ́ ìdákẹ́ ọjọ́ yẹn, bóyá mi ò bá má tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìkíni tí ẹ̀ ń fò yẹn wà lára iṣẹ́ tí wọ́n rán. Bí màámi bá kí mi láìki oríkì mi, mo ti mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe wọ́n.

Mo gbà pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló yẹ kí a fi ohùn rán. Nọ́ńbà àkáǹtì, àdírẹ́sì, ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́, ẹ tẹ̀ wọ́n. Ẹ má sì tú àṣírí ẹlòmíràn síta nínú dáńfó, ẹ fi í sí etí. Àwọn kan ní inú voice note ni irọ́ ti ń tàn kálẹ̀. Ní 2014 tí Ebola wọ Èkó, ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ lórí fóònù ló ń jí àwọn èèyàn lóru pé kí wọ́n fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún. Irọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kàwé. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ẹ̀rọ ti lè sín ohùn èèyàn jẹ báyìí. Èmi àti màámi ti jọ fẹnu kò: bí ohùn èmi bá béèrè owó, kí wọ́n pè mí kí wọ́n tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ kó ohùn àwọn òbí yín pamọ́. Wọ́n gba fóònù mi ní Ọ̀jọ́ta ní ọdún tí bàbá mi kú, gbogbo ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi sì bá a lọ. Lórí Android, ẹ wá fódà tí wọ́n ń pè ní WhatsApp Voice Notes, ẹ da gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, kó sì tún wà níbòmíràn.

Tèmi ti wà níbẹ̀ báyìí. Àkọ́kọ́ nínú wọn ò ju ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá lọ. Ọmọ ará ilé wa ló ń kọ́ màámi bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ohùn rẹ̀ ń bọ̀ láti ẹ̀yìn: “Mọ́mì, ẹ máa sọ̀rọ̀, ẹ má yọwọ́.” Wọ́n ní, “Kí n máa bá ta ni sọ̀rọ̀?” Ó ní, “Ẹ máa bá àǹtí sọ̀rọ̀.” Wọ́n wá sún mọ́ fóònù náà débi tí mo fi ń gbọ́ èémí wọn. “Àjọkẹ́. Ṣé ò ń gbọ́ mi?”