Orí Bíbẹ́ Kọ́ Loògùn Orí Fífọ́

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Òwe yìí ni mo fi dá àbúrò mi lẹ́kun lọ́jọ́ tó gbé òòlù, tó ní òun máa fọ́ hítà balùwẹ̀ ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní Kàbà.

Ilé tí ẹlòmíràn ti gbé ni. Ó ti sanwó tán kó tó rí i pé A.C. kàn ń fẹ́ atẹ́gùn lásán, pọ́ǹpù bóòhólù ń kùn láìgbé omi, iná hítà sì gbé e níbi tó ti ń wẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti rẹ́ mi jẹ," ló ń wí ṣáá. Ó ní ká pe ọlọ́pàá, ká sì tú gbogbo rẹ̀ dànù. Mo ní ká kọ́kọ́ pe oníná, torí a ò tíì mọ ohun tó ń ṣe orí tó ń fọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni oníná dé. Ó ki mítà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, fóòtì 150 ló kà, bẹ́ẹ̀ 230 ló yẹ kó jẹ́. Iná tó lọ sílẹ̀ báyìí lè yí fáànù A.C., kò lè ta kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kó tutù, jí. Ká ní a ra tuntun, bákan náà ni yóò ṣe. Ti pọ́ǹpù, ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Orí àpáta ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ wa wà, omi bóòhólù a máa sá wálẹ̀ tí òjò bá ti dá. Wọ́n sọ pọ́ǹpù náà kalẹ̀ sí i, omi sì tú jáde. Ẹ má jẹ́ kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ lórí gbígbẹ o. Omi yẹn ló ń tù ú lára, láìsí i, yóò jó.

Hítà ló bà mí lẹ́rù. Nígbà tí oníná tú ìdérí rẹ̀, irin tó ń gbóná nínú rẹ̀ ti là, nǹkan funfun bí ẹfun ti bò ó. Wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò tó yẹ kó gbé iná lọ sílẹ̀, ńṣe ni wọ́n ká a pọ̀ sẹ́yìn, wọ́n fi téèpù dúdú wé e. Ọmọ àbúrò mi méjì ló ń wẹ̀ níbẹ̀! Tí iná bá gbé yín nínú ilé tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ̀, ẹ pa á láti orísun, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kàn án mọ́ kí oníná tó dé.

Ó ku ẹni tó talé. Ohun tó lẹ̀ mọ́ ilé, bíi hítà, a máa bá ilé lọ, àmọ́ ìwé àdéhùn wọn kò sọ pé ó gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì sanwó, ẹ tan gbogbo rẹ̀ wò lálẹ́, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bàbá tó ṣe ẹlẹ́rìí ìtà náà ló ṣáájú wa lọ bá ẹni tó talé. Fọ́tò wáyà yẹn la kàn fi han onítọ̀hún. Kò jiyàn, ó san ìdajì owó hítà tuntun.

Kí oníná tó gbé e kọ́, ó gbá irin gígùn kan wọlẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó so wáyà náà mọ́ ọn. Àbúrò mi dúró tì í títí ó fi parí.