Orúkọ Lucky Lára Bisikíìtì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin Mọ́mì Lucky àti Dádì Lucky gbogbo. Mo ti wo fídíò tí ọ̀kan nínú yín ti ń yan bisikíìtì fún ajá rẹ̀. Mo wò ó tán, mo tún un wò, nítorí ojú mi kọ́kọ́ fẹ́ bá mi jiyàn. Obìnrin náà so épírọ̀nù mọ́dìí, ó rọ áísìn sínú ọ̀rá, ó gé ọ̀rá náà lẹ́nu ṣóńṣó, ó dá èémí dúró, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ajá rẹ̀ sára bisikíìtì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan. L. U. C. K. Nígbà tó dé orí Y, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, ìrù Y wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó fi ọ̀bẹ họ ọ́ kúrò. Ó ní òun ò lè gbé irú èyí síwájú Lucky.

Irú èyí! Ajá ọ̀hún jókòó ti ẹsẹ̀ tábìlì, itọ́ ń kán tó-tó lẹ́nu rẹ̀, kò gbójú kúrò lára ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ìyá rò pé ìkọ̀wé ló ń yẹ̀ wò.

Mo gbóríyìn fún yín, àtọkànwá ni. Ẹni tó jẹ́ pé bó bá gbé omi kaná, omi á jóná, òun náà ló wá di ọ̀gá alásè nítorí ajá. Ó ra òṣùwọ̀n. Ó ra irin tí wọ́n fi ń gé ìyẹ̀fun pípò sí àwòrán egungun, ó ra ti àwòrán ọkàn, ó ra ti àtẹ́lẹsẹ̀ ajá. Ó mọ iye ìṣẹ́jú tí bisikíìtì gbọ́dọ̀ lò nínú ófùnù kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó pọ́n. Ọkọ rẹ̀ ń bẹ ní pálọ̀, ebi ń pa á, kò sẹ́ni tó kọ orúkọ tirẹ̀ sára nǹkan kan.

Ẹ má bínú, mi ò lè tíì fi ọ̀rọ̀ orúkọ yìí sílẹ̀. Ta ni yóò kà á? Ilé ìwé wo ni Lucky lọ? Bí wọ́n bá ṣèèṣì gbé bisikíìtì tí wọ́n kọ "Jack" sí síwájú rẹ̀, ṣé yóò fi ọwọ́ tì í sẹ́yìn pé kì í ṣe tòun? Ajá tó mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó máa gbó agbélẹ́tà mọ́. Ṣe ló yẹ kó gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọkùnrin náà, kó tú u, kó kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ilé. Mo tún rí ilé kan tí ajá méjì wà, oníkálukú pẹ̀lú bisikíìtì tó ní orúkọ tirẹ̀ lára, wọ́n ní kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀ ni. Èyí tó tóbi jẹ méjèèjì. Kò sẹ́ni tó pe ẹjọ́. Mo rí ibi tí wọ́n ti fi orúkọ ìdílé kún un. Ẹ jẹ́ ká máa retí oyè.

Ó tún kù. Àwọ̀ pupa ni wọ́n fi kọ ọ́. Ojú ajá kì í rí pupa bí tiwa. Búlúù àti yẹ́lò ló ń hàn sí i kedere; pupa a máa rí lójú rẹ̀ bí àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣú. Bisikíìtì fúnra rẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀ ni. Nítorí náà, lẹ́yìn gbogbo dídá èémí dúró yẹn, àwọ̀ ilẹ̀ la fi kọ̀wé sórí àwọ̀ ilẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀wé.

Kò sì tiẹ̀ pẹ́. Lucky gbé e mì ni. Gbàù, ó parí, ó tún ń wo ọwọ́. Ibi tí adùn ti ń hàn lórí ahọ́n èèyàn tó nǹkan bí 9,000, ti ajá kò ju nǹkan bí 1,700 lọ. Imú ló fi ń gbádùn oúnjẹ. Kí ìyá tó kọ L, ọmọ ti gbọ́ òórùn ẹ̀pà àti ẹyin, ó ti tẹ́ ẹ lọ́rùn, ìkọ̀wé ló dá a dúró.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí. Ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ kọ orúkọ mi sí káàdì, wọ́n jẹ lẹ́tà kan níbẹ̀. Mo lọ bá wọn. Ọ̀gbẹ́ni tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì ní kí n lọ mú ẹ̀rí wá pé èmi ni mo ni orúkọ mi. Mo mú un wá. Ó ní kí n lọ búra. Mo búra. Wọ́n tún káàdì tẹ̀, wọ́n dá lẹ́tà tó sọnù padà, wọ́n jẹ òmíràn. Kò sẹ́ni tó fi ọ̀bẹ họ nǹkan kan nù nítorí tèmi. Kò sẹ́ni tó ní òun ò lè gbé irú èyí síwájú mi. Mo wá jókòó sílé, mo ń wo ẹni tí ìrù Y ń dà láàmú nítorí ajá. Ẹ ní kí n má bínú?

Ẹni tó kọ́kọ́ fi nǹkan yìí ṣòwò ńlá kò tiẹ̀ gọ̀ báyìí. James Spratt, ọmọ Amẹ́ríkà tó wà ní London, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta bisikíìtì ajá láwọn ọdún 1860, èyí tó fi àlìkámà, ẹ̀fọ́ àti ẹran ṣe. Òun náà kọ orúkọ sára bisikíìtì rẹ̀ o. Orúkọ ta ni? Spratt. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára kí oníbàárà má baà lọ ra ayédèrú. Orúkọ ẹni tó ń gbowó ló kọ, ẹni tó ń sanwó ló sì kọ ọ́ fún. Ìyẹn mọ̀wé, ó tún mọ ìṣirò.

Ìjọ kejì tún wà. Àwọn yìí ní ìkookò ni Lucky láti ìran rẹ̀ wá, kò gbọ́dọ̀ fi ọkà kan ẹnu. Ìkookò wo? Ìkookò tó wọ súwẹ́tà, tó ń sá fún ẹ̀rọ ìgbálẹ̀? Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn Nature lọ́dún 2013 fi hàn pé jíìnì, ìyẹn ohun àjogúnbá inú ara, tó ń bá ara da oúnjẹ onísítáàṣì pọ̀ lára ajá ju ti ìkookò lọ. Ó ti pẹ́ tí ajá ti ń bá èèyàn jẹun, ikùn rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n.

Ajá tó wà nílé wa nígbà tí mo wà ní kékeré, ìró ṣíbí lára ìkòkò ni wọ́n fi ń pè é. Bó bá ti gbọ́ ọ, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kò wọlé, kò sì kúrò. Ohun tó bá kù ni tirẹ̀. Dókítà ẹranko ò ní fẹ́ràn egungun sísè tó ń jẹ nígbà náà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, torí egungun tó ti jinná a máa fọ́ sí ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ó lè gún ìfun. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi ajá náà ṣe ìran wò. Bó bá jẹun, ó jẹun. Bàbá mi kò sọ fún un pé kó jókòó, kó dúró, kó má tíì jẹ ẹ́, kó wojú kámẹ́rà, kó rẹ́rìn-ín. Kí ni ajá fẹ́ fi ẹ̀rín ṣe?

Ẹ̀fẹ̀ ti tán lẹ́nu mi báyìí. Nínú fídíò yẹn kan náà, kí obìnrin yìí tó kọ orúkọ kankan, ó bu bọ́tà ẹ̀pà láti inú ìgò. Wọ́n kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sára ìgò náà, lédè tó gbọ́. Kò wò ó. Ó ṣí i, ó bù ú, ó dà á sínú abọ́. Ẹni tó ń kọ̀wé fún ajá tí kò lè kà, kò ka ìwé tí wọ́n kọ fún òun tó lè kà!

Bọ́tà ẹ̀pà kan wà tí wọ́n ń fi xylitol sí dípò ṣúgà; nígbà mìíràn wọ́n á pè é ní ṣúgà birch. Èèyàn á jẹ ẹ́, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Bó bá dé inú ajá, ńṣe ni ara rẹ̀ á tú insulin, èròjà tó ń dín ṣúgà ẹ̀jẹ̀ kù, jáde yàà, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á já wálẹ̀, nígbà mìíràn kí wákàtí kan tó pé. Á máa ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n, gìrì lè mú un, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè bàjẹ́. Ẹ tún ń da ṣokoléètì lé e lórí kó lè dára lójú, májèlé ajá ni. Ẹ ń fi àjàrà gbígbẹ ṣe ojú àti imú fún bisikíìtì, àjàrà tó lè ba kíndìnrín ajá jẹ́. Ẹ ń bu aáyù sí i pé ó ń lé eégbọn, bẹ́ẹ̀ aáyù àti àlùbọ́sà ń ba sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ jẹ́. Ẹ ń jẹ́ kó lá ìyẹ̀fun oníwùúkàrà kó tó wọ ófùnù, kó lọ wú sí i níkùn. Ta lẹ ń tọ́jú gan-an? Ajá ni, àbí àwọn tó ń tẹ ọkàn pupa sábẹ́ fídíò?

Ẹ ò tún mọ ìwọ̀n. Àwọn dókítà ẹranko ní ìpanu kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo kálórì tí ajá ń jẹ lóòjọ́. Ẹ̀yin yan odidi páànù kan fún ajá tí kò ga ju orúnkún lọ, ẹ tún yan òmíràn nítorí fídíò apá kejì. Ajá wá sanra, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ ní ó ń dán.

Bẹ́ẹ̀ nǹkan tó rọrùn ni! Ẹ se elégédé, ẹ gún un, ẹ má fi ṣúgà sí i, ẹ má fi iyọ̀ sí i. Ẹyin kan. Ẹ fi ìyẹ̀fun óòtù pò ó títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́. Ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ẹ fi ọ̀bẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ yan án nínú ófùnù ní 175 lórí òṣùwọ̀n Celsius títí á fi gbẹ, ẹ jẹ́ kó tutù. Ó tán. Bí ẹ bá sì ya ọ̀lẹ bíi tèmi, ẹ gé kárọ́ọ̀tì díẹ̀ fún un. Bákan náà ni ìrù rẹ̀ á ṣe máa jù.

Bí ọwọ́ bá ṣì ń yún yín láti kọ nǹkan, ẹ mú bírò, ẹ kọ nọ́ńbà dókítà ẹranko ní gàdàgbà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ẹni tó mọ̀wé nínú ilé yóò ti rí i.